Kí Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Dísù? Ọ̀rọ̀ fún Àgbẹ̀ Tó Ń Fi Bọ́ọ̀sì Kó Ẹrù Lọ sí Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti irúgbìn, kì í sì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ má sọ pé kí ló kan àgbẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì o. Tòmátì tí ẹ fi oṣù mẹ́ta tọ́jú, ọjọ́ méjì péré ti tó fún un láti di omi nínú apẹ̀rẹ̀, bí bọ́ọ̀sì bá dákú láàrin Ṣakí sí Ìbàdàn. Ẹ̀fọ́ kì í tilẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò á tún mọ́tò rẹ̀ ṣe, á sì máa ná ọ̀nà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó tòmátì?

Ní ọ̀pọ̀ ìletò wa, bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò náà ló ń gbé iṣu, gààrí, ata àti adìẹ. Ẹ̀yin lẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹrù yín wà lórí, ó wà lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù míì tilẹ̀ ti dá owó jọ, wọ́n ti ra bọ́ọ̀sì dísù Tòkunbọ̀ tiwọn. Owó ọ̀pọ̀ ọdún ló wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn. Bó bá kú, tí mẹkáníìkì ní kí ẹ lọ ra òmíràn, ẹgbẹ́ lè tú ká lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jókòó, ká sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ó ti gbó, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Èmi ò gbà. Irin ẹ́ńjìnnì dísù nípọn ju ti bẹntiróòlù lọ, èyí tí a bá sì tọ́jú dáadáa lè rin ju 300,000 kìlómítà lọ kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Ohun tó ń pa á kò pọ̀: dísù tó lómi tàbí tó dọ̀tí, eruku, ooru àpọ̀jù, ọ́ìlì tó ti bàjẹ́, àti ọwọ́ àwa èèyàn fúnra wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń fi àmì hàn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Ẹni tó lè wo ewé ẹ̀gẹ́ kó mọ̀ pé àìsàn ti wọ oko, ó lè wo èéfín mọ́tò kó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Ẹni tó bá ti fi páǹpù ọwọ́ fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí á rántí pé ìdí páǹpù náà máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a ń fún pọ̀ ló ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì dísù ń lò nìyẹn. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Pístìn á fa afẹ́fẹ́ nìkan wọlé, á sì fún un pọ̀ títí á fi kéré tó nǹkan bí ìdá kan nínú 20 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Omi tó ń hó kò gbóná ju 100 Celsius lọ. Afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná kọjá 500. Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́sù á fọ́n dísù díẹ̀ sí i bí ìrì, iná á sì ràn fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọdún 1897 ni èyí tó ṣe ní ìlú Augsburg ṣiṣẹ́ yanjú, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pe epo náà títí dòní.

Láti inú ohun tí mo sọ yìí, ẹ ó rí i pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jò gba ẹ̀gbẹ́ pístìn jáde, ooru kò ní tó, mọ́tò kò sì ní sítáàtì láàárọ̀. Bí dísù kò bá sì fọ́n bí ìrì, kò ní jó tán. Gbogbo àìsàn ẹ́ńjìnnì dísù, ibi méjì yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ń parí sí.

Dísù la ó kọ́kọ́ mú, torí lójú tèmi òun ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Páǹpù kan wà tó ń ti dísù lọ sí nọ́sù. Àwọn irin inú rẹ̀ sún mọ́ra débi pé àlàfo tó wà láàrin wọn kò tó ìdá kan nínú 20 ìnípọn irun orí yín. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń mú kí irin wọ̀nyẹn máa yọ̀ lára wọn. Bí omi bá gba ibẹ̀ kọjá, omi ò lọ́ràá, irin á máa ha irin, á sì dípẹtà. Bí iyanrìn kín-ún bá gba ibẹ̀, àfi bí ẹni tó fi yanrìn fọ dígí. Tí nọ́sù bá ti jẹ báyìí, kò ní fọ́n dísù mọ́, á máa kán an tó-tó-tó. Dísù tó ń kán sójú kan á máa jó sójú kan lórí pístìn, títí tí yóò fi lu pístìn náà. Ẹ ti gbọ́ pé pístìn lu ihò rí, àbí? Ọ̀pọ̀ ìgbà, omi kékeré nínú dísù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni omi ti ń wá? Àwọn kan ń bù ú mọ́ dísù tà, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni àwa fúnra wa ń fà. Dúróòmù tí ẹ gbé dúró síta, òjò á dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí inú dúróòmù tutù, á fa omi yẹn wọlé gba ẹnu ìdérí rẹ̀, ìdérí ì báà dà bí ẹni pé ó le. Táńkì mọ́tò tí kò kún náà, bó bá sùn síta mọ́jú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tutù, á sì di ìrì lára irin, á sì ṣàn wọ inú dísù. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ra dísù kún táńkì, ẹ má dúró di àárọ̀. Dírẹ́bà tó ń ra lítà márùn-ún márùn-ún lójú ọ̀nà, ìsàlẹ̀ táńkì ló ń fà lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí wà.

Ẹ lè dán dísù wò láìsan kọ́bọ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú lójú kan. Omi wúwo jù ú, ìsàlẹ̀ ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí, ẹ ó sì rí ìlà tó pín àwọn méjèèjì. Dísù gidi máa ń mọ́, ẹ lè rí ìka yín lódì kejì ìgò. Èyí tó dúdú bí omi àgbo, tàbí tó ń rùn bíi karosíìnì, ẹ má rà á mọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn. Karosíìnì fúyẹ́, kò lọ́ràá tó láti dáàbò bo páǹpù. Bẹntiróòlù tí wọ́n bá pò mọ́ ọn tún burú jù, torí iná lè ti ibẹ̀ ràn mọ́ mọ́tò tàbí mọ́ ilé tí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Níbi tí omi àti dísù bá ti pàdé nínú táńkì, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò rí lè máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Wọ́n á di nǹkan dúdú tó ń yọ̀ bí ilá, á sì dí fílítà. Ẹ lè pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù láìmọ̀ pé inú táńkì ni kí ẹ lọ fọ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá ń tọ́jú dísù sínú dúróòmù, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e dé, kí ẹ tó fà nínú rẹ̀. Kí ẹnu rọ́bà tí ẹ fi ń fà má kan ìsàlẹ̀. Ẹ má lo dúróòmù tàbí garawa tí wọ́n fi síńkì bò, torí síńkì àti dísù kì í rẹ́. Wọ́n á jọ di nǹkan bí ọṣẹ tó ń dí nọ́sù. Lábẹ́ fílítà dísù lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ibì kan wà tí omi ń dúró sí, tó ní ìdè kékeré. Kí dírẹ́bà máa tú u lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí dísù funfun á fi jáde. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wà níbẹ̀ tó bá ń ṣe é, kí ẹ sì fi ìgò gbe ohun tó jáde kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí i.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó kúrò níbí: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì rí i pé ọ̀nà dísù tó lọ sí nọ́sù ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Ìtẹ̀ rẹ̀ le débi pé dísù lè wọ inú ẹran ara gba awọ kọjá, ojú ibẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún èèyàn lásán. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe oògùn ìpara. Wọ́n ti gé ìka, wọ́n ti gé ọwọ́ nítorí irú rẹ̀.

Eruku ló kàn. Lásìkò ọyẹ́, ní ọ̀nà oko wa tó pupa yìí, mọ́tò tó wà níwájú a máa bo tẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Gbogbo eruku yẹn ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ mí sínú. Fílítà afẹ́fẹ́ nìkan ló dí i lọ́nà. Àwọn dírẹ́bà kan á yọ ọ́ dànù nígbà tó bá dí, wọ́n á ní mọ́tò ti wá lágbára. Òótọ́ ni, á lágbára fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà eruku á pò mọ́ ọ́ìlì, á di bí òkúta ìpọ́nbẹ, á sì máa lọ ríìngì àti ara sílíńdà. Àwọn mìíràn ń fi bẹntiróòlù fọ fílítà oníbébà; ihò inú bébà á tóbi, eruku á máa kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Gbígbọ̀n ni kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti di dandan. Kí wọ́n sì wo rọ́bà tó so fílítà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí bó bá ti sán, asán ni fílítà.

Ooru ńkọ́? Nínú gbogbo iná tí dísù ń dá, kò tó ìdajì tó ń yí táyà. Ìyókù di ooru, omi rédíétọ̀ ló sì ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Koríko, kòkòrò àti ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko a máa dí ojú rédíétọ̀. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù á dẹ̀. Omi á máa jò ní kán-ín-kán-ín, dírẹ́bà á máa bu omi kòtò dà sí i, ẹrẹ̀ inú omi yẹn á sì wà nínú ẹ́ńjìnnì títí láé. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ìdérí. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán; ó ń di omi mú kó má lè tètè hó, kódà nígbà tó bá ti kọjá 100. Ẹ wá wo àwọn tó fi àkísà tàbí ọ̀rá dí i! Omi á hó, á sì gbẹ kí wọ́n tó dé òkè tó kàn.

Bí ooru bá ti pọ̀ jù, orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀ tàbí kó sán, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jó. Ẹ ó rí i tí omi inú rédíétọ̀ ń yọ ìfófòó bí ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ń mí nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò tó bá wà báyìí kò gbọdọ̀ tún rìn, ì báà ṣe ọjọ́ ọjà. Bí dírẹ́bà bá ní òun á rọra wa á dé Bódìjà, ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀, kí ẹ wá mọ́tò míì.

Lójú ọ̀nà, tí ooru bá ti gòkè, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì dúró tó wákàtí kan tó bá gba bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Omi yẹn á fò jáde sí ojú àti àyà. Kí wọ́n má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó. Ìyá tó bá da omi tútù sínú ìkòkò amọ̀ tó gbóná mọ ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò gùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù kì í pẹ́ dúdú, ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn, torí ó ń kó ẹ̀dú èéfín mọ́ra ni. Iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn ni kí ẹ máa kà. Ìwé tó bá mọ́tò wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má jẹ́ kó kọjá 5,000 lọ́nà eléruku bíi tiwa. Lára agolo ọ́ìlì, wọ́n máa ń kọ àwọn lẹ́tà kan: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CF tàbí CI-4, ti dísù ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti bẹntiróòlù ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ ìwé kà á fún yín níwájú ẹni tó ń tà á. Kí ẹ sì rántí pé bí ọ́ìlì bá dínkù, nǹkan ń jò tàbí ó ń jó. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un, ewu ńlá ni. Dísù tàbí omi ló ti wọ inú rẹ̀, ọ́ìlì tó ti ṣàn báyìí kò sì ní lè gba irin sílẹ̀.

Ọ́ìlì ló tún ń fa èyí tó léwu jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ríìngì bá ti jẹ, tàbí tọ́bò ti bàjẹ́, tàbí wọ́n da ọ́ìlì jù, ọ́ìlì lè gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì dísù kò bìkítà ohun tó ń jó. Á sọ ọ́ìlì di epo, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, á máa sáré fúnra rẹ̀, èéfín á bo gbogbo àyíká. Dírẹ́bà á yí kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Kí ni kí wọ́n ṣe? Kí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà. Bó bá jẹ́ mọ́tò oníjíà ọwọ́, kí dírẹ́bà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kó fi í sí jíà tó ga jù, kó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn pa. Bí ọ̀nà bá wà láti dé ẹnu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ tó le dí i pátápátá. Kì í ṣe ọwọ́ o, kì í sì í ṣe aṣọ, torí á fà wọ́n wọlé. Bí ìkankan nínú méjèèjì ò bá ṣeé ṣe, kí òun náà sá kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà.

Ní báyìí, èéfín. Ẹ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbé ẹrù sí i, kí ẹ ní kí dírẹ́bà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí èéfín bá dúdú kirikiri, dísù ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: bóyá fílítà ti dí, bóyá nọ́sù ń kán, bóyá ẹrù ti pọ̀ jù, bóyá sì ni ẹnì kan ti lọ yí páǹpù. Bó bá ní àwọ̀ búlúù bí èéfín tùràrí, ọ́ìlì ló ń jó, ríìngì tàbí tọ́bò ti ń lọ. Funfun ló máa ń da àwọn mẹkáníìkì pàápàá láàmú, torí oríṣi méjì ni. Èyí tó ń rùn, tó ń ta ojú, dísù tí kò jó ni. Bó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, tó sì lọ kíákíá, kò fi bẹ́ẹ̀ burú, ṣùgbọ́n bó bá ń bá a lọ, afẹ́fẹ́ ń jò tàbí páǹpù kò bọ́ sí àkókò rẹ̀. Èyí tó dà bí ọ̀yẹ̀ omi gbígbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù pẹ̀lú rẹ̀, omi ló ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gun irú ọkọ̀ yẹn lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Mo mẹ́nu kan ẹni tó lọ yí páǹpù. Ìdè kan wà lára páǹpù dísù tí ilé iṣẹ́ ti fi èdìdì dì, òun ló ń pinnu iye dísù tó ń wọlé. Àwọn mẹkáníìkì kan á já èdìdì, wọ́n á yí i, mọ́tò á sì máa gun òkè Ìlẹ́ṣà bí ẹyẹ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ooru á yọ́ pístìn. Àwọn mìíràn, bí mọ́tò ò bá sítáàtì láàárọ̀, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ẹnu fílítà ni wọ́n á gbé wá. Oògùn yẹn máa ń bú gbàù kí pístìn tó dé òkè, á sì máa fọ́ ríìngì. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un lójoojúmọ́, kí wọ́n tú u wò ni.

Àwọn kan sì ń yọ tàmósítáàtì dànù. Èrò wọn ni pé ìlú wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísù tó tutù jù kì í jó epo tán, ó sì ń tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì míì, yíyọ rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ kí omi máa yípo láìdé rédíétọ̀, ooru á wá pọ̀ sí i dípò kó dínkù.

Ní ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ o. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún yín. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí afẹ́fẹ́ àti èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pùù-pùù, ríìngì ti jẹ. Bẹ́líìtì rọ́bà kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù kékeré, lábẹ́ ìdérí, tó ń mú kí fáàfù àti pístìn máa bọ́ sí àkókò ara wọn. Toyota 2L tó wà nínú HiAce àtijọ́ ní i, Volkswagen LT àtijọ́ náà ní i. Mercedes 207 àtijọ́ ní tirẹ̀, ṣéènì irin ló ní. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí eré, pístìn á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì run lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn lókè òkun, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi gbé èrò àkọ́kọ́.

Àwọn Tòkunbọ̀ tuntun tó ní kọ̀ǹpútà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, dùn ún wà, wọn kì í sì í jẹ dísù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà bọ́ọ̀sì bá jẹ́ 4, ìtẹ̀ dísù nínú nọ́sù àtijọ́ á tó nǹkan bí 130, ti àwọn tuntun sì lè kọjá 1,600. Omi tí nọ́sù àtijọ́ á fara dà fún oṣù kan lè ba ti tuntun jẹ́ láàrin ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ní fílítà èéfín lábẹ́ mọ́tò, tí wọ́n ṣe fún dísù tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré púpọ̀; láti ọdún 2009, ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Dísù tó ń dé ọwọ́ wa lè ní jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìletò, mọ́tò olópáǹpù àtijọ́ tí mẹkáníìkì ìtòsí lè tú ni màá rà, màá sì jẹ́ kí ará ìlú ńlá máa ra èyí tó ń dán.

Kí ẹgbẹ́ ra ìwé kékeré kan sínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fílítà, iye kìlómítà, iye omi tí rédíétọ̀ mu lọ́sẹ̀, kí dírẹ́bà máa kọ ọ́. Bí omi tó ń mu bá ti ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra, ẹ ti mọ̀ ná kí èéfín tó sọ fún yín.

Ẹnì kan nínú yín bi mí bóyá epo pupa ṣeé dà sí táńkì, torí ó gbọ́ pé òyìnbó tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fi epo àgbẹ̀ dán an wò. Kò parọ́. Níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1900, ẹ́ńjìnnì kékeré kan ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òróró ẹ̀pà. Rudolf Diesel fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́dún 1912. Àmọ́ epo pupa yàtọ̀. Ó ń dì lásìkò ọyẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ki ju ohun tí nọ́sù lè fọ́n bí ìrì, á sì máa gbẹ mọ́ ẹnu nọ́sù bí ìpẹtẹ̀. Àwọn tó ń fi irú epo bẹ́ẹ̀ wa mọ́tò lókè òkun, wọ́n máa ń fi kẹ́míkà pààrọ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ná. Èyí tí ẹ fún ní ẹbu, ẹ gbé e lọ sí ọjà, kí ẹ fi nínú owó rẹ̀ ra fílítà dísù méjì pamọ́.